Ọkọ̀ Ti Dé: Ó Dé Ibo?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìfọpo rọ̀bì Dangote tó wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kéde pé ọkọ̀ agbépo tuntun 4,000, tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo lọ bá àwọn oníbàárà káàkiri Nàìjíríà láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ọjọ́ pé, ọkọ̀ kò pé. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó wọn bọ̀ lórí omi, ìrìn wọn kò sì yá bí wọ́n ṣe rò. Ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù kan yẹn, ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Ajáh tí ó ń tẹ́tí sí àwọn awakọ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lóríṣiríṣi. Ẹnìkan ní ọkọ̀ náà pẹ́. Ẹlòmíì ní wọ́n dá a dúró. Òmíràn ní wọ́n fi falẹ̀ ni, àwọn kan sì ní wọ́n sún un síwájú.

Bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìṣe tí a bá mú ló ń fi ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn, ẹni tó bá sì ti san owó ọkọ̀ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ ìṣe mú.

"Pẹ́" kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àkókò nìkan ló ń sọ. "Dá dúró" ní ẹni tó ṣe é: bí àwọn aṣọ́bodè bá ní àwọn fẹ́ tún ìwé ọkọ̀ yẹ̀ wò, wọ́n dá a dúró nìyẹn, a sì lè tọ́ka sí wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG yanṣẹ́ lódì nítorí ọ̀rọ̀ bóyá àwọn tí yóò wa ọkọ̀ tuntun wọ̀nyẹn lè wọ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dá epo dúró ni. Ẹni tó bá ní epo "pẹ́" lọ́jọ́ náà kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Fi falẹ̀" ní tirẹ̀ wúwo ju méjèèjì lọ. Ẹni tó lè yára tí kò yára ni a ń fi bá wí, ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la sì ni ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí àwọn èèyàn kì í rántí: "dí lọ́wọ́." Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Ever Given há sí àárín ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì fún ọjọ́ mẹ́fà, àwọn ọkọ̀ tó kó ọjà gbogbo ayé sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ọ̀wọ́n tún dé bá èérún ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní chip, tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan sì ní láti dín iṣẹ́ kù. Ìdíwọ́ ni ìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, ẹni tó ń rà á náà kò sì lè ní wọ́n fi òun falẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé "ìdádúró" ni gbogbo ènìyàn ń kọ báyìí? Ìwé kan kọjá lójú mi, tí olùtajà ọkọ̀ kan kọ sí oníbàárà rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "A tọrọ àforíjì fún ìdádúró tó wáyé." Ẹ wo "tó wáyé" yẹn dáadáa. Ìjàǹbá ni a ń sọ pé ó wáyé, tàbí ìjì. Iṣẹ́ tí ènìyàn gba owó rẹ̀ tí kò ṣe é kì í wáyé. Nígbà tí oníbàárà náà béèrè pé ta ló dá ọkọ̀ òun dúró, ó hàn pé kò sí ẹni tó dá a dúró. Wọn kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ owó àsansílẹ̀ rẹ̀ ti wọ àpò wọn tipẹ́. Ohun tí Yorùbá ń pe èyí ni ìfalẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó ń di ẹ̀tàn. Ohun tó yẹ kí ìwé náà sọ ni: "A fi iṣẹ́ yín falẹ̀, ẹ má bínú." Ó kúrú, ó sì jẹ́ òtítọ́.

Ìwé yẹn tún ní "ọkọ̀ tí ẹ pàṣẹ." Èyí náà kò dára létí. Ọba ló ń pàṣẹ, ọ̀gá ọmọ ogun náà ń pàṣẹ. A kì í pàṣẹ ọkọ̀. Bí a bá tọ alágbẹ̀dẹ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà lọ kí ó ṣe nǹkan tí kò tíì sí nílẹ̀ fún wa, a "gbé iṣẹ́ fún un" ni. Ohun kan náà ni ẹni tó ní kí wọ́n ṣe tìpà tuntun fún òun ní Ṣáínà ṣe, ó gbé iṣẹ́ fún wọn. Bí ẹnu yín kò bá mọ́ ọn, ẹ pè é ní ọ́dà bí àwọn ará ọjà ti ń pè é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà fi àmì ohùn sí i, nítorí pé "ọ̀dà" ni a fi ń kun ara ọkọ̀, "ọ̀dá" sì ni ohun tó ń bá àpò ẹni tó sanwó tí kò rí ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ kò ju sílébù kan lọ: "dé." Mo wà ní ibi tí wọ́n ti ń ta yanrìn ní Ajáh nígbà tí fóònù bàbá tó ni ibẹ̀ dún. Ó ti gbé iṣẹ́ tìpà kan fún olùtajà kan tipẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un sì ti kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ ìwà hù.

"Alhájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ọkọ̀ yín ti dé o."

"Ó dé ibo?"

"Ó ti wà nílẹ̀, sà."

"Ilẹ̀ ibo ni? Mo wà ní yáàdì mi báyìí, n kò rí i."

"Ó wà ní wáàfù, sà."

"Ó gúnlẹ̀ ni. Kò tíì dé."

Mo gbádùn ìdáhùn yẹn. Bàbá náà mọ èdè rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò já ẹrù tó wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò san owó ibodè. Ọ̀rọ̀ ibodè yìí ti wà láti ìgbà tí àwọn oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́nu odi ìlú, kí Nàìjíríà tó di Nàìjíríà. Tí wọ́n bá san án tán, ọkọ̀ yóò jáde ní wáàfù. Ó ṣì wà lọ́nà títí yóò fi wọ yáàdì ẹni tó ni ín, ìgbà náà ni ó tó dé. Ẹni tó bá pe ìgúnlẹ̀ ní dídé ti fo gbogbo ibi tí owó àti ọjọ́ ń lọ sí. Nígbà kan, bí ará Èkó bá sọ pé wáàfù, Àpápá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó yẹ kí ẹ tún béèrè pé wáàfù wo ni, nítorí pé ọ̀nà Àpápá sí Ajáh kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Ohun tí ẹni tó wà lórí fóònù yẹn kò rí ni pé èlé ń gorí èlé lórí owó tí bàbá náà yá, awakọ̀ tó ti gbà sílẹ̀ sì jókòó tì í láìṣiṣẹ́. Yanrìn kì í dúró de ẹnìkan ní Ajáh. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Awóyáyà yóò pe tìpà ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, "dúró de" ni, tàbí "dúró dè é." "Dúró fún" tí à ń gbọ́ báyìí ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó dúró fún mi ni ẹni tó ṣojú mi tàbí tó ṣe onídùúró mi.

Ọjọ́ kíkà náà ń fa wàhálà. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ìjẹta kò ju ọjọ́ méjì sẹ́yìn lọ lójú kàlẹ́ńdà, síbẹ̀ ẹta ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé òní ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni lójú ẹni tó ń kà á bí òyìnbó. Ìtàdógún tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pàdé sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín ní ọjọ́rú pé ọkọ̀ yóò wọlé "lónìí ìjọ mẹ́jọ," ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́bọ̀. Ọmọ tó fi kọ̀ǹpútà kà á yóò sọ pé ọjọ́bọ̀ ni òun wí, àgbàlagbà yóò sì ní ó yẹ àdéhùn. Ẹ kọ déètì sílẹ̀.

Òǹkàwé kan ní Lẹ́kí béèrè bóyá "sún síwájú" tọ̀nà, nítorí pé lójú tirẹ̀, ohun tí a bá sún síwájú yẹ kó tètè dé. Ó tọ̀nà. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ọjọ́ iwájú, ìdí nìyẹn tí ohun tí a sún síwájú fi jìnnà sí wa sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó tètè ṣẹlẹ̀, "wọ́n mú ọjọ́ yá" ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn, n kò fẹ́ràn kí "síwájú" dá nìkan ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi "di" kún un: "a sún un di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án." Olùtajà tó sọ "síwájú" tí kò fẹ́ sọ "di" kò tíì dá ọjọ́ kankan.

Ẹni tí wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, yóò sọ pé "ó ti tojú sú mi." Mo gbà pé ara ń ta á, àmọ́ "ó ti sú mi" ló yẹ kó sọ. Ohun tó tojú sú ni kò yé ni mọ́. Ohun tó sú ni ti yé ni yékéyéké, ara ni kò gbà á mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé olùtajà náà jẹ́ ẹni tó ti gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀, ó lè sọ pé wọ́n já òun kulẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku "ẹ ṣe sùúrù," tó ti di ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè lẹ́nu àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ẹni tí kò yẹ ló ń sọ ọ́. Nínú àṣà wa, alárinà tó wà láàárín tàbí àgbà tó ń parí ìjà ló ń bẹ ènìyàn kó ṣe sùúrù. Ajigbèsè kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ lówó, pàápàá bí onítọ̀hún bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. "Ẹ má bínú" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, yóò sì sọ ibi tí nǹkan dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin orí fóònù yẹn sọ nìyí: "Alhájì, ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ tí a dá fún yín ti kọjá. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, a kò tíì já a, owó ibodè ló kù. Mo máa pè yín láàárọ̀ ọ̀la kí n sọ ọjọ́ tó máa jáde fún yín."