Kí Ọjọ́ GCE Tó Pé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìdánwò GCE tí WAEC ń ṣe fún ẹni tó ti kúrò nílé ìwé kì í ṣe ogun òjijì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wáyé lọ́dún, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sì wà lórí àtẹ. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Fìdítì àti Ìlọrà dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ó sì ń dùn mí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tàbí èyí tó ń ta ọ̀pẹ̀yìnbó létí títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò ní olùkọ́ tí yóò pè é sí kíláàsì. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ilẹ̀ yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà tó ti dá kàwé gboyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń dá kàwé fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìbéèrè tí a ti ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin nìkan ni wọ́n ń ṣe, torí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Bẹ́ẹ̀, àròkọ kan ṣoṣo gba máàkì 50, ìsọníṣókí 30, àkàyé 20. Àròkọ náà kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀. Nínú 50 yẹn, kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, àìṣìwé-kọ ní 10. Ìlò èdè nìkan ló ní 20. Nítorí náà, gbé aago síwájú, fi ọwọ́ ara rẹ kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú 50.

Ta ni yóò máàkì rẹ̀? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni nílé ìwé àdúgbò, kí o kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bírò pupa sí i. Ní kó ṣọ́ ibi tí Yorùbá ti ń yọjú: «ó» wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ni o ṣe ń pe ìyá rẹ ní «he», ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà torí àná, ni o ṣe ń kọ «I go» fún ohun tó ti kọjá. Tó bá ti dá a padà, tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ìbéèrè 60 lórí ìró ohùn náà ń bẹ. Láti Ìbàdàn dé agbègbè wa, àwọn kan máa ń fi «s» rọ́pò «ṣ». «V» àti «z» kò sì sí lédè wa rárá. Fi fóònù gbọ́ bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń pè é, kí o pè é sókè tẹ̀ lé e. «Ship» àti «sheep» kò gbọdọ̀ bá ara wọn dọ́gba lẹ́nu rẹ.

Kọ̀ǹpútà náà ti wọ ọ̀rọ̀ GCE báyìí. Lọ fọwọ́ kàn án ṣáájú. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, má kọ àròkọ tuntun mọ́. Ka àwọn tó ní bírò pupa, kí o máa tún gbólóhùn tó wọ́ níbẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.