Oògùn kòkòrò inú táńkì: Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹni tó bá ti gba Ọ̀gbà, n'Ìkẹjà, kọjá yóò mọ ilé iṣẹ́ Guinness tí wọ́n ṣí lọ́dún 1982. Bí ìwúkàrà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú táńkì ọtí, bẹ́ẹ̀ náà ni bakitéríà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú táńkì oògùn kòkòrò.

Bakitéríà Bt ló rọrùn jù. Oúnjẹ, atẹ́gùn àti ìgbóná tó mọ níwọ̀n ló ń fẹ́. Májèlé tó ń ṣe máa ń ba ikùn kòkòrò jẹ́, tí kò fi ní lè jẹun mọ́. Àmọ́ bíná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀, tàbí tí ìdọ̀tí wọ táńkì, owó ti wọgbó nìyẹn.

Fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nìkan ló ti ń pọ̀ sí i. Ní Benin, ṣe làwọn onímọ̀ IITA ń sin Maruca, kòkòrò tó ń ba ẹ̀wà jẹ́ lóko, tí wọ́n sì ń fi fáírọ́ọ̀sì ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ lo táńkì gbọ́dọ̀ sin sẹ́ẹ̀lì kòkòrò síbẹ̀, owó ńlá sì ni.

Ẹ má sin méjèèjì pọ̀ o. Bakitéríà yóò ba sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ká ṣe wọ́n, ká tó pò wọ́n pọ̀.

Ẹ fi Bt bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìmọ̀ràn ní FIIRO, l'Óṣòdì, kẹ́ ẹ sì gbàwé àṣẹ NAFDAC kẹ́ ẹ tó tà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.