Ìwé Òfin Ítálì àti Àwọn Tó Ń Kà Á

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ìwé kan ṣoṣo. Awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Òfin Róòmù wà láàárín, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì bí ojú ìwé Bíbélì. Yí i ká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, àlàyé ló kún ibẹ̀ bámúbámú, lẹ́tà wínníwínní, tó sì máa ń gba àyè ju òfin tó ń ṣàlàyé lọ. Bí ìwé òfin ṣe rí nìyẹn ní ìlú Bologna, lápá àríwá Ítálì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

Òfin tí mò ń wí kì í ṣe ti olè àti apànìyàn. Òfin àárín ará ìlú síra wọn ni: ta ló ni ilẹ̀, ta ló jogún, ta ló jẹ gbèsè, kí ni ẹ̀tọ́ ọkọ àti aya lára ara wọn.

Ọba Justinian, tó ń jọba ní Constantinople, ló ní kí wọ́n kó òfin Róòmù jọ. Tribonian àti àwọn amòfin mìíràn ló ṣe iṣẹ́ náà láàárín ọdún 529 sí 534. Èyí tó jẹ́ òpómúléró rẹ̀ ni Digest, tó jáde ní 533, níbi tí wọ́n ti ṣa ọ̀rọ̀ àwọn àgbà amòfin ayé àtijọ́ jọ. Lẹ́yìn náà, ìwé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé ní Ítálì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1100 pé, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Irnerius bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé náà ní Bologna, ó sì ń kọ àlàyé sí etí rẹ̀. Àwọn tó kọ́ náà kọ tiwọn, àwọn tí wọ́n tún kọ́ náà kọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1230, Accursius ti kó àlàyé tó lé ní 90,000 jọ sójú kan. Agbára àlàyé yìí pọ̀ débi pé ibi tí kò bá dé nínú òfin, kóòtù pàápàá kì í fẹ́ dé ibẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí díẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, torí ibẹ̀ ló ti ń rú àwa ará Nàìjíríà lójú. Òfin Gẹ̀ẹ́sì la jogún. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí adájọ́ àgbà bá ti sọ lánàá di dandan fún adájọ́ kékeré lónìí. Ní Ítálì, ìwé àti olùkọ́ ló ṣáájú, adájọ́ ló ń tẹ̀ lé wọn. Ìlànà ti Ítálì yìí sún mọ́ àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ju àwa lọ, nítorí pé òfin tí Faransé gbé wá sí ilẹ̀ Benin, ara gbòǹgbò Róòmù kan náà ló ti hù.

Ítálì ìgbà yẹn kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Ìlú àti ìjọba lọ́kan-ò-jọ̀kan ni, kálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Napoleon kó ìwé òfin Faransé ti ọdún 1804 wọ ibẹ̀. Nígbà tó ṣubú, àwọn ọba tó padà sórí oyè tún kó tiwọn dé. Ọdún 1861 ni Ítálì di ọ̀kan. Ní 1865 wọ́n ṣe ìwé òfin kan fún gbogbo ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń fi orúkọ Pisanelli, mínísítà tó ṣe akitiyan lé e lórí, pè. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1866.

Ẹ fojú inú wo ìyàwó ilé kan ní Milan lọ́jọ́ yẹn. Lábẹ́ òfin Austria tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè ta ilé tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ. Òfin tuntun dé, ó ní ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí obìnrin tó ta ilé, kó tó yá owó, kó tó fi ilẹ̀ dógò. Ìṣọ̀kan tí gbogbo ìlú ń yọ̀ sí ló gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun burúkú ni, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, títí di 1919 tí wọ́n fagi lé e.

Ìwé ti di ọ̀kan, àmọ́ ẹnu tó ń kà á ò tíì di ọ̀kan. Kóòtù tó ga jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Cassazione, tó márùn-ún: Turin, Florence, Naples, Palermo àti Róòmù. Kóòtù yìí kì í gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í pe ẹlẹ́rìí. Ohun kan ló ń wò: ṣé adájọ́ ìsàlẹ̀ lo òfin bó ṣe yẹ? Bí kò bá lò ó bẹ́ẹ̀, á fọ́ ìdájọ́ náà dànù. Fífọ́ gan-an ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ márùn-ún, abala òfin kan náà lè ní ìtumọ̀ kan ní Turin kó sì ní òmíràn ní Naples, kò sì sí ẹni tó ga ju àwọn méjèèjì lọ tó máa là wọ́n. Ẹjọ́ ọ̀daràn bọ́ sọ́wọ́ Róòmù nìkan ní 1888. Ẹjọ́ àárín ará ìlú ní láti dúró di 1923.

Ìwé òfin tí wọ́n ń lò lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1942, ọjọ́ tí àwọn ará Róòmù gbà pé wọ́n tẹ ìlú wọn dó. Abala 2,969 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó jáde. Ìjọba apàṣẹwàá Mussolini ló ṣe é, ó sì fi àbàwọ́n rẹ̀ síbẹ̀: abala àkọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi ẹ̀yà dín ẹ̀tọ́ ènìyàn kù. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò ní 1944. Ìwé yòókù dúró, torí iṣẹ́ àwọn amòfin tó mọṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òfin ìpìlẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, ó sì dá kóòtù kan sílẹ̀ tó ga ju ìwé pàápàá lọ. Adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀. Ọdún 1956 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́, ó sì lágbára láti wọ́gi lé òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe.

Ẹ rántí òfin 1919 tó tú ìyàwó ilé sílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ ṣe adájọ́, kò sì gbọ́dọ̀ di àwọn ipò ìjọba kan mú. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọn ò jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé iwájú kóòtù tuntun yìí. Ní 1960, wọ́n wọ́gi lé apá tó dí i lọ́nà. Ní 1963, àwọn aṣòfin ṣílẹ̀kùn ìyókù. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọṣẹ́ adájọ́ ní Ítálì; àwọn obìnrin ṣe é, wọ́n yege, àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ sì di adájọ́ ní 1965.