Ọ́ìlì Ìjàpá Nínú Òtútù Chicago

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ra Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ ní Chicago, ẹ fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Gbogbo ọ́ìlì náà kò ju bíi lítà 2.5 lọ, nítorí náà, bí díẹ̀ bá jò pàápàá, ewu ni.

Ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tó fà á yọ wò. Àárín ìlà méjèèjì ni kí ọ́ìlì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ kọjá ìlà òkè.

Ọ́ìlì tó nípọn tí àwọn bàbá yín ń lò ní Èkó yóò ki jù nínú òtútù oṣù January. Ẹ ra èyí tó ń ṣàn nínú òtútù, bíi 10W-30. Àsẹ́ lásán ni Ìjàpá ìgbà yẹn ní, kò ní fílítà. Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo máìlì 3,000. Ẹ má da ògbólógbòó ọ́ìlì sí gọ́tà; ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń gbà á.