Ẹni Tó Bá Fẹ́ Rí Ìfun Èèrà

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwé ìpè àpérò ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara fẹ́ pé jọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi hàn fi àlàyé ṣókí ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Láti ìgbà náà ni o ti ń sáré. O ò jẹun àárọ̀. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, o ò gbé e. Ó dáa. Jókòó díẹ̀, kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tu èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní yunifásítì nípa àpòlúkù àti ìfun, n kò tíì gbọ́ òwe tó bá iṣẹ́ wa mu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pa á kò ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n kàn mọ̀ pé inú ohun tó kéré kì í ṣí fún oníwàdùwàdù.

Èmi náà ti ṣe wàdùwàdù rí. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ ní àpérò. Mo ní ewé kan lọ́wọ́ tí mo gbà pé ó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù. Eku mẹ́fà ni mo fi dán an wò. Ewé náà ṣiṣẹ́ lára mẹ́rin, kò ṣiṣẹ́ lára méjì. Mo sọ fún ara mi pé àìsàn ló ń ṣe méjì yẹn. Mo yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Mo rán kóòtù tuntun, mo gun orí pèpéle, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí òpin ayé.

Nígbà tí mo ṣe tán, ìyá àgbàlagbà kan dìde láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, eku mélòó lo kó wọlé níjọ́ àkọ́kọ́?"

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó kù díẹ̀ kí n pa á. Mo wo káàdì tó wà láyà mi, mo rí orúkọ bàbá mi níbẹ̀. Mo ní mẹ́fà ni, mà. Ó ní, "Méjì yòókù ńkọ́?" Òógùn bò mí. Lẹ́yìn ìpàdé, ìyá yìí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi lóúnjẹ, ó ní kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe. Ewé náà kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ìkánjú fi ń ṣe ènìyàn léṣe nìyẹn. Ó ń jẹ́ kí a rí ohun tí a fẹ́ rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í jẹ́ ká rí ohun tó wà níwájú wa gan-an. Ìlú Perth ní Ọsirélíà ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Robin Warren ni dókítà tó ń fi awò wo ẹran ara tí wọ́n bá gé lára aláìsàn níbẹ̀. Lọ́dún 1979, ó rí kòkòrò wínníwínní lára awọ inú àpòlúkù. Lásìkò yẹn, ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ ni pé kò sí kòkòrò tó lè gbé nínú omi kíkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìrònú àti ata ló ń fa ọgbẹ́ inú. Èmi alára kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1981, ọ̀dọ́ dókítà kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ mú kí kòkòrò náà hù nínú àwo, kí ojú gbogbo ènìyàn lè rí i. Ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ ni pé bí ọjọ́ méjì bá pé tí nǹkan kò hù, wọn a da àwo nù. Àwo tó lé ní ọgbọ̀n ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún Àjíǹde 1982 dé. Ìsinmi wọlé, ọwọ́ dilẹ̀. Àwo kan wà nínú ẹ̀rọ amúgbóná fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá kòkòrò lórí àwo. Òun la ń pè ní Helicobacter pylori lónìí. Ọmọ mi, kòkòrò yẹn kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì ni kò tó o.

Má rò pé ìjà tán síbẹ̀. Lọ́dún 1983, wọ́n fi àlàyé ṣókí ránṣẹ́ sí àpérò ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ní orílẹ̀-èdè wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe fẹ́ fi tìrẹ ránṣẹ́ yìí. Wọ́n dá a padà. Ó dun wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Marshall gbé e lọ sí Brussels, níbi tí àwọn tó mọ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti pé jọ. Àwọn yẹn fetí sí i. Lọ́dún 1984, ó po kòkòrò náà mọ́ omi, ó gbé e mu. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, inú rẹ̀ ti wú, ó ti ń bì, awò tí wọ́n fi wo inú rẹ̀ sì fi hàn pé awọ inú àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó mu ún. N kò fara mọ́ ìyẹn, n kò sì fẹ́ gbọ́ pé ìwọ ṣe irú rẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ọdún Àjíǹde yẹn, ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣé o rí ẹni tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà?

Ìgbéraga ńkọ́? Ó máa ń bá àwọn tó ti gbajúmọ̀ jà jù. Ivan Pavlov ti Rọ́ṣíà ni ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ wa láyé ìgbà náà. Ó ti kọ́ gbogbo ayé pé iṣan ìmọ̀lára ló ń pàṣẹ fún gbogbo omi tó ń da oúnjẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1902, William Bayliss àti Ernest Starling, ní London, gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí apá kan ìfun ajá. Wọ́n da omi kíkan sí ìfun náà. Síbẹ̀síbẹ̀ omi ń dà láti inú pancreas, ẹ̀yà ara tó ń tú omi tí ń da oúnjẹ sínú ìfun. Wọ́n ha awọ ìfun, wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kíkan, wọ́n fi í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, omi tún dà. Ìránṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà náà tí Pavlov kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n pè é ní secretin. Lọ́dún 1905 ni Starling wá sọ irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní họ́mọ̀nù.

Pavlov ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tún un ṣe lójú òun. Babkin, tó bá a ṣiṣẹ́, ló sọ ìtàn náà. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò. Omi dà. Pavlov kò sọ̀rọ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó tó bí ìlàjì wákàtí kó tó jáde. Ó ní òótọ́ ni àwọn ará London sọ, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ òun nìkan kọ́ ló ni òtítọ́. Ọdún 1904 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ dídà oúnjẹ. Gbígbà tó gbà fún ẹlòmíràn kò dín nǹkan kan kù lára rẹ̀. Ìlàjì wákàtí yẹn ni mo máa ń rò. Ó dùn ún. Ó sì jáde wá sọ ọ́.

Ìgbéraga kan wà tó burú ju ti ọ̀gá sí ọ̀gá lọ. Lọ́dún 1822, ìbọn ba Alexis St. Martin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ó yè, ṣùgbọ́n ihò tó wọ àpòlúkù rẹ̀ kò dí mọ́. Dókítà William Beaumont so ẹran mọ́ òwú ṣẹ́dà, ó ń sọ ọ́ sínú ihò náà, ó ń fà á jáde wò. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ lọ́dún 1833 ṣì ń jẹ́ ká mọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n St. Martin ń la igi, ó ń ru ẹrù fún un, ó sì sá lọ sílé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó kú lọ́dún 1880, ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí òkú náà rà kí wọ́n tó sin ín, kí dókítà kankan má baà wá gbé e. Ìdílé tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan. Bí o bá ń dúpẹ́ lórí pèpéle, dárúkọ àwọn tó jẹ́ kí o wo inú wọn, bí kò tilẹ̀ ṣe orúkọ wọn gan-an.

Ní ti àpérò fúnra rẹ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ara tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1876, bí ẹgbẹ́ tí ń jẹun pọ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́ jẹun, lọ. Má jókòó ti fóònù. Dúró níbi pósítà àwọn ẹlòmíràn, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè kí o tó sọ tìrẹ. Kí àwọn àgbà kí wọ́n tó kí ọ.

Ohun kan ló kù. Mo ti ka tábìlì tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Lójú ìwé kìíní, eku mọ́kànlá ni. Lójú ìwé kẹta, mẹ́sàn-án ni. Àpérò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Gbé fóònù nígbà tí mo bá pè lálẹ́ òní, kí o sọ ibi tí méjì yòókù wà fún mi.