Gbígbin Ìsápá àti Lílo Òdòdó Rẹ̀

Òdòdó jíjẹ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìsápá tí a fi ń se ọbẹ̀ kì í ṣe ewé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èso. Awẹ́ nínípọn tí ó yí ìdí òdòdó ká ni. Irú 2 ni ó wọ́pọ̀. Ìsápá funfun ni a ń fi se ọbẹ̀; ìsápá pupa ni a ń sá gbẹ fún sóbò. Ìbátan ilá àti òwú ni àwọn méjèèjì.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ ni àsìkò. Nígbà tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ni ìsápá ń yọ òdòdó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbìn ín ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà yóò ní igi tí ó ga, tí ó sì ya ẹ̀ka púpọ̀, kí àkókò òdòdó tó dé. Igi kúkúrú ni ti ẹni tí ó bá pẹ́ títí di oṣù Kẹsàn-án, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì ká. Ilẹ̀ kan náà ni, irúgbìn kan náà ni. Ọjọ́ tí a gbìn ín ni ó yàtọ̀.

Kí a yan ilẹ̀ tí oòrùn ń pa dáadáa, tí omi kì í dúró sí. Kí a má ṣe gbìn ín sí ibi tí ilá wà ní ọdún tí ó kọjá, nítorí pé àwọn aràn tín-ín-tìn-ín tí ń mú gbòǹgbò ilá wú a máa ba ti ìsápá jẹ́ pẹ̀lú. Kóró 3 tó fún ihò kan; kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láàrin ihò kan àti èkejì. Nígbà tí wọ́n bá yọ ewé 4, kí a fa àwọn tí kò lágbára tu, kí ọ̀kan ṣoṣo kù.

Òdòdó náà kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó rọ. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, awẹ́ ìdí rẹ̀ ti wú tó ká. Kí a ká a nígbà tí ó ṣì rọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, a máa le bí igi.

Nídìí sísá ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Bí a bá sá ìsápá sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí etí títì, iyanrìn àti kòkòrò ni yóò bá a wọ àpò. Ní ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Mexico, tí ó ń ra ìsápá pupa púpọ̀ lọ́wọ́ Nàìjíríà, dáwọ́ rírà dúró nítorí kòkòrò inú ẹrù. Kílò 10 tútù ni ó ń di nǹkan bí kílò 1 gbígbẹ. Nítorí náà, àpò kan tí ó bàjẹ́ kì í ṣe àdánù kékeré. Kí a sá a lórí àtẹ tí ó ga nílẹ̀, kí a fi àwọ̀n bò ó, kí a sì kó o wọlé ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ìrì. Bí a bá fi ọwọ́ rún un tí ó sì fọ́, ó ti gbẹ.

Ní ilé ìdáná, kí a bọ ìsápá funfun, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a sì fún un kí kíkan rẹ̀ lè dínkù, kí a tó dà á sínú ata, epo pupa, ẹ̀gúsí, irú àti ẹja. Ìkòkò amọ̀ tàbí ti tánganran ni ó yẹ ohun kíkan. Ní ti sóbò, ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi í rọ́pò oògùn. Kí ó bi dókítà léèrè kí ó tó máa mu ún lójoojúmọ́.

Kí àgbẹ̀ má baà máa ra irúgbìn lọ́dọọdún, kí ó fi igi 2 tàbí 3 tí ó dára jù lọ sílẹ̀ láìká, kí èso wọn gbẹ lórí igi. Kí ó ká wọn kí wọ́n tó là, kí ó sì tọ́jú kóró wọn sí ibi gbígbẹ títí di òjò ọdún tí ń bọ̀.