Ibi tí Orúkọ Bàbáńlá Wà

Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Òwe yìí ń fi ọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n àrọ́bá náà nílò ẹni tí yóò sọ ọ́. Ní Ibefun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kù tó mọ ìyàwó tó bí ọmọ wo nínú agboolé, tó mọ ẹni tó ti ilé ìyá rẹ̀ jogún ilẹ̀, tó mọ ẹni tó bá òwò lọ Èkó tí kò padà wálé mọ́. Ọjọ́ tí ìyá bá papò dà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun ń rí bí àwọn aládùúgbò wọn ṣe ń tú ìwé ìkànìyàn àtijọ́ wò. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ti ìwé náà pa kí ará ìlú tó rí i. Oṣù Kìíní 2022 ni wọ́n ṣí ti 1921. Ọdún 72 ni Amẹ́ríkà fi ń dúró ní tiwọn, wọ́n sì ṣí ti 1950 ní oṣù Kẹrin 2022. Ẹni tó bá rí orúkọ ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ yóò rí baálé, ìyàwó àtọmọ, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n bí wọn sí. Ó di kí ọmọ Ibefun tó wà ní London tẹ bàbá rẹ̀ láago pé: níbo ni tiwa wà?

Tiwa ò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Wọ́n ka ènìyàn ní Nàìjíríà lóòótọ́, láti ti Èkó ní 1866 títí di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2006, àmọ́ iye ni wọ́n ń tẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìkànìyàn 1921, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan, P. Amaury Talbot, kó ìṣirò gúúsù Nàìjíríà jọ sínú ìwé tó jáde ní 1926: ẹ̀yà báyìí, ènìyàn báyìí. Nígbà tí wọ́n ka Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1952, àwọn kan fara pamọ́ nítorí ẹ̀rù owó orí, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ti 1962 di ìjà òṣèlú, wọ́n fagi lé e, wọ́n tún un kà ní 1963. Ti 1973 náà ò dúró. Ti 2006 sọ pé ènìyàn 3,751,140 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó ń wá bàbáńlá rẹ̀ kò lè rí i fà yọ nínú iye yẹn.

Ìkànìyàn tí kò dárúkọ ènìyàn ti ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìkànìyàn ẹrú ti 1850 àti 1860 kọ orúkọ olówó ẹrú. Ti ẹrú fúnra rẹ̀ kò sábà ju ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara lọ. Ó di 1870 kí orúkọ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ tó wọ ìwé. Kossola, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ ẹrú Clotilda kó dé Alabama ní 1860, tí àwọn onímọ̀ ìtàn sì tọ ìlú rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin, ẹnu ara rẹ̀ ni òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní 1927.

Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ka ènìyàn tó yẹ kí gbogbo ìdílé yá lò. Bí àgbàlagbà kò bá mọ ọdún tí wọ́n bí i, wọn kì í bá a jiyàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà ni wọ́n ń bi í. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, kó jókòó tì wọ́n, kó má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Ṣé wọ́n ti bí yín nígbà tí Awùjalẹ̀ Daniel Adésànyà gorí oyè? Ọdún 1933 nìyẹn. Ogun Hítílà ń kọ́? Ọjọ́ tí oòrùn wọ òkùnkùn lọ́sàn-án, ẹ ti gbé ọmọ pọ̀n? Oṣù Karùn-ún 1947 ni. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ta nínú àwọn ọmọ yín ló kọ́kọ́ wọ iléèwé? Ìdáhùn méjì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lè tó láti fojú díwọ̀n ọdún ìbí ènìyàn mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí àpótí. Nínú àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìwé owó orí àtijọ́ máa ń wà, tó ti pọ́n, tó ti ń ya létí, torí pé láyé ìgbà náà, ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ fi hàn lè tún owó san. Orúkọ ẹni tó sanwó wà lára rẹ̀, ọdún náà sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n bojú wo iwájú ilé pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú ló gbé ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sí ògiri.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló tún kàn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lóṣù Karùn-ún 1892 ni ẹ̀sìn Kristi tàn kálẹ̀ níbẹ̀, àwọn àlùfáà sì ń kọ ìwé ìrìbọmi. Ìwé ìrìbọmi àwọn Áńgílíkà ní ojú ìlà fún ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibùgbé, iṣẹ́ bàbá, àti àlùfáà tó ṣe é. Ìlà kan péré, ìran méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìdílé Mùsùlùmí kì í sábà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òkúta ojú sàréè àti ìwé ẹgbẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Níbi tí àwọn bàbáńlá ti jà ni orúkọ wọn ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ lọ sí kóòtù tàbí tó ń du oyè gbọ́dọ̀ ka ìdílé rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Fáìlì ìṣàkóso Ìjẹ̀bú nígbà amúnisìn wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Òfin oyè Ìwọ̀ Oòrùn ti 1957 náà mú kí àwọn ìdílé ọlọ́ba wọ àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rojọ́ kì í dá ara rẹ̀ lẹ́bi: kí olùwádìí ka ti olùpẹ̀jọ́, kó ka ti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, kó tó gba èyíkéyìí gbọ́.

Kó sì má jẹ́ kí àkọtọ́ tàn án jẹ. Òṣífẹ́kúndé, ọmọ Màkún tí wọ́n jí gbé ní nǹkan bí 1820 tí wọ́n tà sí Brazil, di Joaquim lẹ́nu àwọn tó rà á. Ìlú Paris ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, d'Avezac, ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa Ìjẹ̀bú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. “Yébou” ni Ìjẹ̀bú jẹ́ nínú ìwé náà. Ẹni tó ń wá “Ìjẹ̀bú” nìkan á fò ó kọjá. Nílé pàápàá, ọmọ ìyá méjì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé iléèwé kọ orúkọ bàbá fún ọ̀kan, ó kọ ti bàbá àgbà fún èkejì.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó dá wọn mọ̀. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní London, kí òmíràn wà nínú ilé ẹbí ní Ibefun, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn láti máa kàwé.